Àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ Pupa Ọgbà Łazienki: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò sí Warsaw

Ọjọ́bọ̀

Ọ̀sán ni bàlúù wa láti Lọ́ńdọ̀nù balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Chopin. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń kàwé ní Warsaw, ti ń dúró dè mí, ó fi kóòtù kan kọ́ apá. "Àǹtí mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ wọ eléyìí o, ẹ má jẹ́ kí oòrùn yìí tàn yín jẹ." Òótọ́ ló sọ. Oòrùn ìparí oṣù Kẹsàn-án níbí, ojú lásán ló wà fún, kì í dé ara.

Bọ́ọ̀sì 175 la wọ̀ dé àárín ìlú. Inú bọ́ọ̀sì ló ti bi mí pé ibo ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dé, Ìlú Àtijọ́ ni àbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo bá wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin tó jókòó níwájú wa fi yíjú padà. "Ọ̀kẹ́rẹ́ kẹ̀? Ṣé àwọn tó ń tú ààtàn yín ní Peckham kò tó yín ni?"

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kẹ́rẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, aláwọ̀ eérú ni. Amẹ́ríkà ni àwọn olówó ti kó o wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ọgbà wọn. Ó tóbi ju pupa tó bá nílẹ̀ lọ, ó ń bá a du oúnjẹ, àrùn kan sì wà tí kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ tí pupa kì í sábà móríbọ́ nínú rẹ̀. Lónìí, èèyàn lè gbé gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dàgbà kó má fojú kan ọ̀kẹ́rẹ́ pupa rí. Aláwọ̀ eérú kò tíì dé Pólàńdì. Pupa ló ṣì ni ibẹ̀, àwọn tó sì wà nínú ọgbà Łazienki ti mọ èèyàn débi pé wọ́n ń gun bàtà ẹni. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn.

Łazienki Królewskie, ọgbà ọba ni. Stanisław August Poniatowski, ọba tó jẹ gbẹ̀yìn ní Pólàńdì, ló ra ilẹ̀ náà ní 1764, ọdún náà gan-an tó gorí oyè. Ilé ìwẹ̀ ìdílé Lubomirski kan ti wà níbẹ̀ láti sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, Tylman van Gameren ló ya àwòrán rẹ̀, ara ilé ìwẹ̀ yẹn sì ni ọgbà náà ti mú orúkọ. Ọba kò wó o. Ó gbé e fún Domenico Merlini, ayàwòrán ilé, lẹ́yìn náà Johann Christian Kammsetzer dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń fẹ̀ ẹ́ títí tó fi di ààfin tó dúró láàárín omi. Gbogbo ọgbà náà tó hẹ́kítà 76. Ọba yìí a máa pe àwọn akéwì àti ọ̀mọ̀wé wá jẹun ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n jọ máa fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀. Èmi náà dé ní Ọjọ́bọ̀, àmọ́ ọba ti wàjà láti 1798. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni àbúrò mi fi ṣe mí lálejò, ó sì dùn ju ohun tí mo retí lọ́wọ́ ẹni tí kì í yọjú sí ilé ìdáná nígbà tó wà nílé.

Ọjọ́ Ẹtì

Ọjà la kọ́kọ́ yà. A ra hazelnut, kóró igi òyìnbó kan, a ra èyí tí mo ń pè ní awùsá òyìnbó, méjèèjì pẹ̀lú èèpo. A kò ra ẹ̀pà oníyọ̀, a kò sì ra búrẹ́dì: iyọ̀ kò bá wọn lára mu, búrẹ́dì kàn ń dí wọn níkùn lásán ni. Èèpo náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Eyín iwájú ọ̀kẹ́rẹ́ kì í yéé gùn títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ohun líle tó ń ha ló ń bá a gé e kúrú.

Bọ́ọ̀sì 116 gbé wa láti Nowy Świat gba Aleje Ujazdowskie, ó já wa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ inú ọgbà. Ewé ti ń pa àwọ̀ dà lórí igi, ìrì ṣì wà nílẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí a fi gbọ́ ohùn obìnrin: "Basia! Basia!" Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ń wá ọmọ tó sọnù. Àbúrò mi ní ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń pè. Orúkọ ọmọbìnrin ni Basia, ṣùgbọ́n nínú ọgbà yìí gbogbo ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ ẹ, takọtabo.

Màmá àgbàlagbà kan ni. Ó dé fìlà òwú aláwọ̀ búlúù, ó lóṣòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó mú kóró méjì dání, ó ń fi ọ̀kan kan èkejì: kó, kó, kó. Ewé mì lókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan doríkodò lára igi, ó ń sọ̀ bọ̀, ó dúró níbi tó ga tó orí èèyàn, ó wò wá, ó gbọn ìrù, ó bọ́ sílẹ̀. Ó sáré, ó dúró, ó tún sáré. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti wà lórí bàtà màmá.

Mo ti rí àwòrán wọn lórí fóònù tó ìwọ̀n, àwòrán kò sọ ìdajì. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí epo pupa tó dì láàárọ̀ ọyẹ́, ikùn rẹ̀ funfun báláú. Irun ṣóńṣó ti ń yọ lórí etí rẹ̀, èyí tí yóò gùn dáadáa nígbà òtútù. Gbogbo ara rẹ̀ kò lè ju nǹkan bíi gíráàmù 300 lọ. Màmá juwọ́ sí mi pé kí n súnmọ́ òun, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi pẹrẹsẹ, ó gbé hazelnut méjì lé e. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà fi ọwọ́ iwájú méjèèjì lé orí ìka mi. Ìka mẹ́rin mẹ́rin ló wà lọ́wọ́, ti ẹsẹ̀ ló jẹ́ márùn-ún márùn-ún. Ọwọ́ náà tutù, èékánná rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú, àmọ́ kò ta mí. Ó gbé kóró kan sẹ́nu, ó yí i po, ó tún un yí, ó jù ú sílẹ̀. Ó gbé èkejì, ó yí òun náà, ó sì bá a lọ. Màmá ṣa èyí tó jù nù, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó fi inú rẹ̀ hàn mí: eruku dúdú. Ó rẹ́rìn-ín tìgbéraga-tìgbéraga, àfi bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ.

Wọn kì í jẹ gbogbo kóró lójú ẹsẹ̀. Nígbà ìwọ́wé, ìfipamọ́ ló gbà wọ́n lọ́kàn. Mo fi ojú tẹ̀lé ọ̀kan dé ìdí igi. Ó gbẹ́ ihò kékeré, ó ti kóró bọ̀ ọ́, ó fi eyín iwájú kì í wọlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó wá fa ewé gbígbẹ kan lé e lórí. Ó ṣe é kò kù síbì kan, àfi pé kannakánná kan, irú tibí yìí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, ti dúró lórí bẹ́ǹṣì tó ń wò ó látìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ ti yí ẹ̀yìn padà báyìí ni olè náà balẹ̀, ó hú u, ó gbé e fò lọ. Màmá ṣépè fún un, àbúrò mi kọ̀ jálẹ̀, kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Èyí tí kannakánná kò bá rí, imú àti ìrántí ni ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń wá a kiri nígbà òjò dídì, torí kì í sùn títí òtútù fi máa kọjá bí àwọn ẹranko kan ti ń ṣe. Èyí tí òun náà kò bá rí mọ́ lè hù di igi.

A jókòó ti màmá títí tí ọ̀sán fi pọ́n. Àbúrò mi ló ń ṣe ògbufọ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ṣáá, mo sì rí i pé ó wu màmá bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí màmá ló kọ́kọ́ fà á lọ́wọ́ wá síbí, òun náà sì ti fa àwọn ọmọ tirẹ̀ wá. Ó ní òfin, kò sì fi òfin náà ṣeré. A kì í di ọ̀kẹ́rẹ́ mú. A kì í pa á lára. Àtẹ́lẹwọ́ ni à ń tẹ́ fún un, a kì í fi ìka mú kóró na sí i, torí kò ríran tó bẹ́ẹ̀ lọ́nà tó súnmọ́ imú rẹ̀, ó lè gé ìka jẹ kó rò pé oúnjẹ ni. Kóró kan fún ọ̀kan, kí ẹlòmíràn náà lè fún un.

Ohun tí mo gbé wá láti Lọ́ńdọ̀nù ni pé ọgbà yìí ní ọ̀kẹ́rẹ́ tó rọ̀. Lẹ́yìn tí mo bá màmá jókòó, mi ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò rọ̀ rárá. Ó ń wo ẹni, ó ń wọn kóró wò, ó ń ṣírò ọ̀nà tó máa sá gbà. Ìran àwọn ìyá àti ìyá ìyá tó ń wá síbí láràárọ̀, tí wọn ò ṣe é léṣe rí, ló jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ máa já síbi kan náà: ká lọ gbà á. Bí irú màmá yìí bá dẹ́kun wíwá, mo gbà pé ọ̀kẹ́rẹ́ Łazienki á padà di ọ̀kẹ́rẹ́ inú igbó láìpẹ́.

Àbúrò mi ní tòun yàtọ̀. "Àǹtí mi, tó bá jẹ́ oko Bàbá àgbà ni, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ì bá já sí." Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀kẹ́rẹ́ a máa dá kòkó lu lórí igi, a mu omi dídùn inú rẹ̀, Bàbá á dẹ ẹ̀bìtì, alẹ́ ọjọ́ yẹn ọbẹ̀ á ta sánsán. Àwọn àgbà ò ṣàìwí pé ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò: ó bímọ méjì, ó kó wọn wá sẹ́bàá ọ̀nà, ó ní ọmọ òun yè kòròkòrò, àwọn tó ń kọjá bá kó wọn relé. Ní Łazienki, ẹ̀bá ọ̀nà gan-an ni òfòrò ń kó ọmọ wá, ẹni tó bá sì dá a láṣà pé òun fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀kan, agbòòrùn màmá á bá a níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Òjò ṣú, ó sì rọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sílé, ìyẹn ìtẹ́ róbótó tí wọ́n fi igi àti èèhọ hun sí ìdí ẹ̀ka, àwa náà wá ibi forí pamọ́ sí: ààfin orí omi. Ó rẹwà, mi ò ní puró. Gbọ̀ngàn ijó, ère àwọn òrìṣà Gíríìkì, fèrèsé gíga tó ń wo adágún. Àmọ́ ibi tí ojú mi dá dúró sí ni ibi tí nǹkan ò sí. Àwọn àwòrán ńlá tí Marcello Bacciarelli kùn sí Gbọ̀ngàn Sólómọ́nì, iná ti jó wọn. Ní oṣù Kejìlá 1944, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ Ìdìde Warsaw rì, ìyẹn ìjà tí àwọn ará ìlú gbé dìde sí àwọn Jámánì tó gba ìlú wọn, àwọn ọmọ ogun Jámánì sọ iná sí ààfin yìí, wọ́n sì ti lu ihò káàkiri ara ògiri rẹ̀ láti fi ẹ̀tù abúgbàù sí. Wọ́n fi ìlú sílẹ̀ kí wọ́n tó fọ́n ọn ká. Ògiri tó dúró ni wọ́n tún ilé kọ́ lé. Ìlú Àtijọ́ tí gbogbo àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni: lẹ́yìn ogun ni wọ́n tún un kọ́ láti ilẹ̀, UNESCO sì gbà á sí ara ogún àgbáyé ní 1980.

Ọba tó kọ́ ibí kò gbádùn rẹ̀ dọ́jọ́ alẹ́. Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria pín ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, ní 1772, ní 1793, ní 1795 tí kò kù nǹkan kan mọ́. Ó fi adé sílẹ̀, St. Petersburg ló sì ti kú. Nígbà ogun Hitler ẹ̀wẹ̀, wọ́n fòfin de àwọn ará Pólàńdì pé wọn ò gbọdọ̀ wọ Łazienki, àwọn ará Jámánì nìkan ló ni í. Mo bi àbúrò mi pé ta ló wá ń bọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ lákòókò yẹn. Ó ní kí n bi màmá. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ bí wọ́n ti ń bi ẹni irú ọjọ́ orí yẹn ní ìbéèrè nípa ogun, mo sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú

Ojú ọjọ́ mọ́ kedere, gbogbo Warsaw sì tú síta. Àgbàlagbà wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé wọ bàtà òjò, ajá ò lóǹkà. Láti 1959 ni wọ́n ti ń tẹ dùùrù lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí ère Chopin, gbajúmọ̀ olórin dùùrù ọmọ Pólàńdì, ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú láti àárín oṣù Karùn-ún títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, agogo méjìlá ọ̀sán àti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ti òní wà lára èyí tó kẹ́yìn lọ́dún yìí, nítorí náà a tètè lọ mú àyè lórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó róòsì.

Ère náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Chopin jókòó sábẹ́ igi kan tí atẹ́gùn tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ lé e lórí. Wacław Szymanowski ló gbẹ́ ẹ, 1926 ni wọ́n ṣí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 1940, àwọn ará Jámánì fi ẹ̀tù fọ́ ọ, wọ́n sì kó irin rẹ̀ lọ. 1958 ni wọ́n tó rọ òmíràn síbi kan náà, bíi ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Obìnrin tó tẹ dùùrù wọ aṣọ dúdú gígùn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ orin Chopin yàtọ̀ síra, kí n má parọ́, àmọ́ mo mọ ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín orin kejì ni ọ̀kẹ́rẹ́ kan gba iwájú gbogbo wa kọjá, kóró ńlá lẹ́nu, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ẹ̀rín sọ. Obìnrin náà kò gbé orí sókè.

Lẹ́yìn orin ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kò dáa fún ọ̀kẹ́rẹ́, ohun tí mo rí nìyẹn. Èrò pọ̀ jù, ọwọ́ pọ̀ jù, ẹni tó ní kóró àti ẹni tó ní bísíkíìtì kò yàtọ̀ síra mọ́. Géńdé kan tó ń fi fóònù ya fídíò ara rẹ̀ di ìrù ọ̀kan mú kó má bàa sá kúrò nínú àwòrán. Ọ̀kẹ́rẹ́ yíra padà, ó gé àtàǹpàkò rẹ̀ jẹ, ẹ̀jẹ̀ yọ, géńdé sì ń pariwo pé ẹranko yìí kò dáa. Mi ò káàánú rẹ̀. Ìrù yẹn ló fi ń gbé ara dúró tó bá ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, kì í ṣe ohun àmúṣeré.

A kúrò níbẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà adágún. Ọ̀kín ń rìn kiri lórí koríko níwájú gbọ̀ngàn ìṣeré tí ọba kọ́ sétí omi, níbi tí ìpele dúró sórí erékùṣù kékeré tí omi sì la àárín òun àti òǹwòran. Ìyẹ́ ìrù gígùn ọ̀kín ti re lásìkò yìí, ó kàn ń yan gẹ́gẹ́ bí ọlọ́lá tí wọ́n gba agbádá lọ́rùn rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo tẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ẹ̀fọ́fọ́ awùsá, kò sì pẹ́ tí ẹyẹ kékeré aláyà òféèfèé kan fi bà lé ìka mi, ó ṣa ọ̀kan, ó lọ. Kò tilẹ̀ wúwo tó bébà. Àbúrò mi ní òun á gbìyànjú, ó dúró gbagidi títí apá fi ń ro ó, ẹyẹ kankan ò yà á sí. Mo ní kó fọ ọwọ́ òórùn ẹ̀gúsí yẹn kúrò ná.

Ọjọ́ Ajé

Àárọ̀ kùtù la tún yà sí ọgbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ wá, wọ́n gba kóró lọ́wọ́ wa, àmọ́ wọn ò jẹ ẹyọ kan. Rírì ni wọ́n ń rì í. Màmá ní báyìí ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Ajé gbogbo, oúnjẹ àná ṣì wà ní ikùn. Ó ní oṣù Kejì ló yẹ kí èèyàn wá, nígbà tí ilẹ̀ bá dì gan-in tí wọn ò lè gbẹ́ ohun tí wọ́n rì jáde. Ìgbà yẹn ni kóró ń ṣe wọ́n lóore, ìgbà yẹn sì ni àlejò kì í wá. Ó bi wá pé ibo la ti wá. Nígbà tí àbúrò mi ní Nàìjíríà, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ali."

Ibi tí a ń lọ gan-an ló dárúkọ yẹn. Lẹ́yìn òpópónà Marszałkowska, nínú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pasaż Wiecha, láàárín ṣọ́ọ̀bù bàtà àti ilé kọfí, òkúta ìrántí kékeré kan wà níbẹ̀ fún August Agboola Browne. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1895. Ó dé Pólàńdì ní 1922, ó ń lu ìlù jáàsì ní àwọn ilé ijó Warsaw, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó bí ọmọkùnrin méjì. Lẹ́yìn ogun, nínú ìwé tó kọ ní 1949 láti fi wọ ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ó ní òun jà nínú Ìdìde 1944, "Ali" sì ni orúkọ tí òun ń jẹ́ lójú ìjà. Ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó yá, ibẹ̀ ló kú sí ní 1976. Ọdún 2019 ni wọ́n gbé òkúta yìí kalẹ̀.

Mo ṣírò rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣí ère Chopin ní 1926, Agboola ti lo ọdún mẹ́rin ní ìlú yìí. Onílù ni, inú ìlú kan náà ni, Łazienki kò sì jìnnà síbi tí àwọn ilé ijó wà. Èmi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọmọ Èkó wo ni wọ́n ń ṣe irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ nítòsí rẹ̀ tí kò ní yọjú?

Àbúrò mi ní ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, fèrè ìkìlọ̀ á dún yíká ìlú ní ìrántí Ìdìde náà, ọkọ̀ á dúró, èèyàn á dúró síbi tí ó bá wà. Ó ní ibi òkúta yìí ni òun ń lọ dúró sí láti ọdún tí òun ti dé. "Ẹ wá lọ́dún tó ń bọ̀, Àǹtí mi, ká jọ dúró."

"Oṣù Kejì ńkọ́, tí màmá wí?"

"Ẹ ò mọ òtútù oṣù Kejì níbí. Kóòtù yẹn ò ní gbà yín."

Bọ́ọ̀sì 175 ti ń bọ̀. Mo kó ìyókù kóró lé e lọ́wọ́, mo ní kó fọ́ àwọn awùsá náà díẹ̀ kó tó gbé wọn fún màmá, èèpo wọn le jù fún àwọn ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ tọdún yìí.